Ìwé ìbéèrè, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí ìwé àtijọ́: èwo ni ẹ ó fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ní Òṣogbo?

Orí kẹta, tó jẹ́ ti ọ̀nà ìwádìí, ni pírọ́jẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ti máa ń bàjẹ́, àmọ́ orí kẹrin, tó jẹ́ ti èsì, ni ìbàjẹ́ náà ti máa ń hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti kọ ọ́ sínú orí kẹta pé ìwé ìbéèrè 400 lòun yóò pín, torí ohun tí ọ̀rẹ́ òun ṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Kò ní tíì bi ara rẹ̀ bóyá ìwé ìbéèrè lè dáhùn ohun tó fẹ́ mọ̀. Ìgbà tó bá wá jókòó ti èsì, á rí i pé iye ló kún ọwọ́ òun, ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta la fẹ́ fi wé ara wọn: kí ẹ pín ìwé ìbéèrè, kí ẹ jókòó fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, tàbí kí ẹ lọ ka ìwé àti fọ́tò àtijọ́ níbi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ní Òkè-Baálẹ̀ àti Fountain ní Òkè-Ọ̀ṣun lọ̀rọ̀ yìí kàn, pẹ̀lú àwọn tó ń ti Òkukù, Ìkirè tàbí Ẹdẹ wá ṣe ìwádìí nígboro Òṣogbo. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín wà nínú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín

Ká fi aró ṣe àpẹẹrẹ, torí Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń ki ìlú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lè mú àwọn aláró ṣe kókó iṣẹ́, kí ọ̀nà tí kálukú máa gbà sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó fẹ́ mọ mélòó nínú wọn ló ṣì ń fi ewé èlú ṣe aró, àti mélòó ló ti yí sí àwọ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n ń rà lọ́jà, iye ló ń wá. Ìwé ìbéèrè ni tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ìyá kan tó jogún ìkòkò aró ṣe wá pinnu láti fi èlú sílẹ̀, àlàyé ló ń wá. Àfi kó jókòó ti ìyá náà. Ẹni tó sì fẹ́ mọ bí òwò aró ṣe rí lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tàbí bí iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ṣe yí padà lẹ́yìn tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, ohun tó ti kọjá ló ń wá. Inú ìwé ló wà.

Mélòó, kí ló dé, nígbà kan rí. Bí ẹ kò bá tíì lè sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìbéèrè tiyín, ẹ má tíì yan ọ̀nà kankan.

Ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó ń dá ṣiṣẹ́, tó sì ṣì ń lọ sí kíláàsì:

| | Ìwé ìbéèrè | Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò | Ìwé àtijọ́ |
|---|---|---|---|
| Iye tó máa ń tó | ènìyàn 90 sí 400 | ènìyàn 12 sí 15 | fáìlì 6 sí 10 tí ẹ kà tán |
| Àkókò níta | ọ̀sẹ̀ 3 sí 5 | ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 | ọ̀sẹ̀ 2, láìka ìrìnnà |
| Iṣẹ́ lórí èsì | ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 | ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 | ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 |
| Ibi tówó ń gbà lọ | bébà, fọtokọ́pì, ọkọ̀ | ọkọ̀, ẹ̀bùn kékeré | ìrìnnà, ẹ̀dà ìwé |
| Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ | iye tí kò ní orísun, ìbéèrè tí kò ṣe kedere | ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a kò tẹ̀ | fáìlì tí a wá tí a kò rí |

Ìwé ìbéèrè kò rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń sọ

Ohun tó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré yan ìwé ìbéèrè ni pé ó jọ pé iṣẹ́ tán nígbà tí ìwé bá ti padà dé ọwọ́. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kéré jù. Àmọ́ iwájú ni gbogbo ìṣòro rẹ̀ wà, kí ìwé kan ṣoṣo tó jáde lọ́dọ̀ oníkọ̀ǹpútà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye. Ìlànà Yamane tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń lò rèé: n = N ÷ (1 + N × 0.0025). N ni iye gbogbo àwọn tí iṣẹ́ yín kàn, n ni iye tí ẹ ó bi léèrè. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wádìí bá jẹ́ 5,000, ohun tí ẹ ó fi pín 5,000 ni 13.5, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 371 tí ẹ bá gbé e sókè. Gbogbo ìwé kọ́ ló máa padà wá. Bí ẹ bá rò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yóò sọnù, ẹ fi 0.9 pín 371, ẹ ó sì tẹ 413. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá gba bébà méjì, tẹ̀yìn-tojú, bébà 826 nìyẹn: pálí bébà méjì tó jẹ́ 500 lọ́kọ̀ọ̀kan yóò tó, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún èyí tí ẹ̀rọ bá fà ya. Tábìlì Krejcie àti Morgan ti 1970 yóò fún yín ní 357 fún 5,000 kan náà. Méjèèjì dára. Èyí tí kò dára ni kí ẹ dárúkọ Yamane nínú orí kẹta kí ẹ wá lo iye ti Krejcie.

Níbo ni N ti wá? Ìbéèrè tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú àwọn olùdánwò nìyí. Ti akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn, ọ́fíìsì ẹ̀ka tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa fún yín níye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní sáà yẹn. Àwọn aláró kò ní rẹ́jísítà bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ní láti lọ bá olórí ẹgbẹ́ wọn, ẹ ó kọ orúkọ wọn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí N. Iye tí ẹ kàn fojú bù nílé kì í ṣe N.

Nípa bébà àti fóònù: bí àwọn tí ẹ ń bi bá lè kàwé tí wọ́n sì máa fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, bíi akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, bébà ló yá. Bí olùkọ́ bá gbà yín láàyè ní ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn, ẹ lè gba 40 padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjà Ìgbọ̀nà tàbí nídìí ìkòkò aró, ẹ̀yin lẹ ó máa ka ìbéèrè síta, fóònù ló dára ju. KoboToolbox, áàpù tí wọ́n fi ń kọ ìdáhùn sínú fóònù, kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fi èsì ránṣẹ́ tí ẹ bá dé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, ẹ kò sì ní tún ìwé 413 tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń wo yín lókèèrè lè rò pé àwòrán lẹ ń ya. Ẹ yí ojú fóònù sí wọn kí wọ́n rí ìbéèrè náà fúnra wọn. Lọ́jà, ìbéèrè tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 20 máa ń di 35, torí oníbàárà á dé, ìyá á dìde lọ ta ọjà. Ènìyàn 12 sí 15 lóòjọ́ ni ẹnì kan lè ṣe dáadáa. Ẹ fi pín 413 kí ẹ tó ṣèlérí ọjọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ìtumọ̀ sí Yorùbá ni ọ̀pọ̀ kò kà sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èsì ti ń yí. Ẹ má dúró síwájú ìyá àgbà kí ẹ máa túmọ̀ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, torí bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ kọ́ lẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ẹni ogójì. Kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu ni kí ẹ tún ṣe. Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ṣeé bi bó ṣe wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà “Ọmọ mélòó lẹ bí?” á bí ojú burúkú. “Àwọn tí ẹ ń sanwó ilé ìwé wọn tó mélòó?” á rí ìdáhùn. Ẹni tí kò mọ ọdún ìbí rẹ̀, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wá a: ṣé ó ti ń ṣòwò nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991? Ṣé ó ti gbọ́n nígbà ogun abẹ́lé, láàárín 1967 sí 1970? Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì fi í sí ìpele dípò iye pàtó.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ́wọ́gbà náà tún wà níbẹ̀. Lórí àwọn gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà, àwọn àgbà wa máa ń gbà fún ọmọdé tó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ọ̀yàyà ni, kì í ṣe èrò ọkàn wọn. Bí gbólóhùn yín mẹ́wàá bá kọjú sí ibì kan náà, “mo gbà” mẹ́wàá lẹ ó kó bọ̀. Ẹ yí mẹ́rin nínú wọn padà. Ẹ má sì so ìbéèrè méjì pọ̀: “Ṣé aró èlú dára, tó sì rọrùn láti ṣe?” Ẹni tó gbà pé ó dára, tí kò gbà pé ó rọrùn, kí ló fẹ́ mú?

Kí ẹ tó pín in, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn bí 40 tí kò ní sí nínú iṣẹ́ gan-an. Ìkìrun tàbí Ẹdẹ sún mọ́ tó. Bí Cronbach's alpha, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bóyá àwọn gbólóhùn yín bára mu, bá wà nísàlẹ̀ 0.7, ẹ wo gbólóhùn tó ń fà á sílẹ̀ kí ẹ tún un kọ. Ẹ má kàn yọ ọ́ kúrò láìwo ohun tó sọ.

A ní láti sọ èyí gbangba: kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí họ́sítẹ̀lì kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìdáhùn, irọ́ ni, ó sì lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni. Ó máa ń hàn. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ní àlàfo kankan, kò sí ẹni tó kọ ohun tí kò bá ìbéèrè mu, alpha rẹ̀ á sì ga kọjá ohun tí ènìyàn gidi lè mú wá. Bí iye náà bá pọ̀ jù, ọ̀nà wà láti dín in kù lótìítọ́. A óò dé ibẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ènìyàn díẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀

“Ènìyàn 12 péré?” Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù láti gbọ́ nìyí, ìdáhùn sì wà fún un. Guest, Bunce àti Johnson fọ̀rọ̀ wá obìnrin 60 lẹ́nu wò ní Gáná àti Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2006: wọ́n rí i pé tí àwọn bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kejìlá, ọ̀rọ̀ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́. Àmọ́ àwọn tí ipò wọn jọra ni èyí bá mu. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọn aláró àgbà wé àwọn ọ̀dọ́ aládìrẹ tó ń tajà lórí Instagram, ọ̀wọ́ méjì nìyẹn, 12 kò ní tó fún méjèèjì.

Ẹ ṣe ìṣirò àkókò yín dáadáa. Ènìyàn 12 ní ìṣẹ́jú 45 jẹ́ wákàtí 9 ohùn. Wákàtí kan máa ń gba bíi 6 láti tẹ̀ tí ẹ bá ń fi àmì ohùn sí i, ìyẹn wákàtí 54, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ń ṣe wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ lórí títẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kó méjìlá jọ kó tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dúró, ó sì ti gbàgbé ẹni tó ń tọ́ka sí nígbà tó sọ pé “èyí yìí”. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. “Ó ní kí n má ta á” lè jẹ́ ọkọ, lè jẹ́ ìyálé. Àbúrò lè jẹ́ ọmọ ìyá, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ẹ kọ ọ́ sétí ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀, Gẹ̀ẹ́sì á fi dandan mú yín yan ọ̀kan.

Fóònù méjì ni kí ẹ fi gba ohùn sílẹ̀, kí ọ̀kan wà lórí airplane mode kí ìpè má baà gé e. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ. Ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ lójú títì kò jọ nǹkan létí yín nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀ nínú fóònù. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jókòó sẹ́yìn ilé.

Bí ẹ ṣe wọlé ló máa sọ ohun tí ẹ ó gbà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìbéèrè. Ẹ lọ kí wọn, ẹ sọ ilé ìwé tí ẹ ti wá, kí ẹ gba ọjọ́. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì kí aláró bí wọ́n ṣe ń kí aláró: “Àrẹ̀dú o!” Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìkíni iṣẹ́ ti fi hàn pé òun kò wá fi ìyá náà ṣe eré. Ẹ má ṣe bi í pé “Kí ló dé tí ẹ fi fi èlú sílẹ̀?” Létí àgbà, ẹ̀sùn ni “kí ló dé” lẹ́nu ọmọdé. “Ẹ dákun mà, ẹ sọ fún mi bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀” á ṣílẹ̀kùn, ìdí á jáde fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìtàn tí ẹ rò pé kò kan ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìwé ìyọ̀ọ̀da ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò lè kà, wọ́n ń rò pé ti owó orí ni. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ síta ní Yorùbá, kí ẹ gba “mo gbà” wọn sílẹ̀ lórí fóònù kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà sínú orí kẹta. Bí iṣẹ́ yín bá kan aláìsàn, oògùn tàbí ọmọdé, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lórí wọn kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni. Èsì tí ẹ kó jọ ṣáájú ìwé náà, ẹ kò lè lò ó. Ìwé yẹn lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí àkókò yín bá kúrú, ìdí tó tó nìyẹn láti yan kókó mìíràn.

Ìwé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fò kọjá

Lójú tiwa, ọ̀nà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo ń fi ṣòfò jù, nígbà tó jẹ́ pé ìlú díẹ̀ ló ní ohun tí Òṣogbo ní. Àkójọ Ulli Beier, pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé rẹ̀, wà ní Òṣogbo níhìn-ín, ní Centre for Black Culture and International Understanding. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, tó fẹ̀ tó héktà 75, wà lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, torí náà ìwé wà lórí rẹ̀. Fún ti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn lẹ ó lọ.

Ẹni tó bá wá “Osogbo” nínú àtòjọ fáìlì á padà sílé lọ́wọ́ òfo. “Oshogbo” àti “Oshun” ni wọ́n ń kọ nígbà náà, Òṣogbo sì wà lábẹ́ Ìbàdàn fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ẹ wo àwọn fáìlì Oyo Prof (ti Oyo Province), Iba Div (ti Ibadan Division) àti Oshun Div (ti Oshun Division). Ọ̀rọ̀ aró lè wà lábẹ́ òwò, lábẹ́ owó orí tàbí lábẹ́ ìmọ́tótó, kó má sí lábẹ́ “aró” rárá. Ẹ mú lẹ́tà ẹ̀ka yín dání, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsù, torí wọn kì í fẹ́ bírò nítòsí ìwé ogbó. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Nọ́ńbà fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dà kọ, pẹ̀lú déètì. Àkọsílẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà, ẹ kò ní lè lò ó, ìrìnnà Ìbàdàn míì nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé fáìlì tí ẹ rí lórúkọ lè má sí lórí pẹpẹ. Ẹ ní fáìlì 15 lọ́kàn kí ẹ lè rí 8. Èkejì ni pé ẹnu ajẹ́lẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Bó ṣe rí obìnrin aláró kọ́ ni obìnrin náà ṣe rí ara rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi àgbà méjì tàbí mẹ́ta tì í, iṣẹ́ yín á dúró lórí ẹsẹ̀ méjì.

Olùdarí iṣẹ́ àti kàlẹ́ńdà

Ọ̀nà tó dára jù lè má jẹ́ ọ̀nà tí olùdarí yín mọ̀. Ẹni tí kì í ka ohun tí a tẹ̀ láti inú ohùn á máa bi yín léèrè ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dé ìparí. Ẹ mú ojú ìwé kan lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kejì: ìbéèrè yín, ọ̀nà tí ẹ yàn, iye ènìyàn, àti ibi tí iye náà ti wá. Ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó gbà sórí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹ da méjì pọ̀, ẹ gbà, àmọ́ kí ọ̀kan kéré: ẹni mẹ́fà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ìwé ìbéèrè yóò mú kí ìbéèrè yín lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sẹ̀mẹ́sítà kan, ẹ má gbà.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà ìlú ṣe tiyín. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, láti Ìwọ́pópó títí di ọjọ́ Arugbá, àwọn tó wà ní ààfin àti nínú igbó kò ráyè jókòó dáhùn ìbéèrè gígùn, àfi tó bá jẹ́ pé ọdún náà lẹ ń wádìí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá àti Kérésì, ọjà gbóná ju kí ẹ dá ènìyàn dúró. Ọjọ́ Ẹtì láàárín aago kan sí mẹ́ta, Jímọ̀ ni. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò kò sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye tó pọ̀ jù. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti lọ, tí ó jẹ́ 60 nínú 413 ló wọlé, ẹ má dúró. Ẹ dín ààlà iṣẹ́ yín kù: dípò gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ mú ẹ̀ka kan, dípò gbogbo aláró ìlú, ẹ mú àdúgbò méjì. Bí N bá di 120, ẹ fi 1.3 pín in, 93 ni ẹ ó bi léèrè. Nínú 60 tó ti wà lọ́wọ́ yín, èyí tó bọ́ sínú ààlà tuntun nìkan ni kí ẹ kà mọ́ ọn. Ẹ tún àkọlé àti orí kìíní kọ kí ó bá ààlà náà mu, kí ẹ sì jẹ́ kí olùdarí fọwọ́ sí ìyípadà náà kí ẹ tó padà síta.